Ológbò Tó Ń Sá fún Ohùn Ìyá Mi

Ìyá mi kò mọ̀ pé igbe lòun ń ké. Bó bá ní kí n bu omi wá, ará ojúlé kẹrin á gbọ́. Bó bá ń gbàdúrà láàárọ̀, gbogbo àdúgbò ní í bá a ṣe àmín, títí kan àwọn tí kò fẹ́ràn wa. Etí rẹ̀ ló di. Ibà Lásà ló dí i, ibà kan náà tó pa bàbá mi.

Mi ò fẹ́ sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Wọ́n jọ gbé àwọn méjèèjì kúrò ní Ìfọ̀n lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ọ̀wọ̀, ìyá mi nìkan ló padà wálé. Wọn ò jẹ́ ká wẹ òkú bàbá mi, wọn ò jẹ́ ká fọwọ́ kàn án. Àwọn tó wọ aṣọ tó bò wọ́n látorí dẹ́sẹ̀ ló sin ín, àwa ọmọ dúró lókèèrè bí àlejò níbi ìsìnkú ẹlòmíràn. Nígbà tí ara ìyá mi fúyẹ́ díẹ̀ lórí ibùsùn, ó bi wá pé kí ló dé tí gbogbo wa ń la ẹnu tí a ò sọ̀rọ̀. Dókítà ní àìsàn náà máa ń bá etí àwọn kan jà, pé ó lè padà bọ̀ sípò, ó sì lè má padà. Kò padà.

Èmi ni àkọ́bí, ọ́fíìsì mi sì wà ní káńsù níbí, nítorí náà èmi ni mo kó ẹrù mi padà sílé láti máa tọ́jú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ irú ohùn tí obìnrin yìí ní kí àìsàn tó dé. Òun ló ń dá orin fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa. Bó bá ti dá a, àwọn tó ń tòògbé á jí, àwọn tó ń bínú síra wọn á gbàgbé. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọ́kọ́ padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó dìde, ó dá orin bó ti máa ń dá a. Ó gbé e sókè jù. Ohùn rẹ̀ gba ọ̀nà kan, dùùrù gba ọ̀nà mìíràn, ẹni tó ń tẹ dùùrù sì dá ọwọ́ dúró. Àwọn ìyá ń wo ara wọn. Obìnrin kan tó wà níwájú rẹ̀ yíjú padà, ó fi ìka lé ètè fún un, bí ìgbà tí èèyàn ń bá ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi wí. Mo dìde láàárín ìjọ, mo ní kí ó gbé ìka yẹn kúrò níbẹ̀ kí n tó bá a gbé e kúrò. Àlùfáà ní kí n jókòó. Ta ló ń jókòó? Mo fa ìyá mi lọ́wọ́, a jáde. Láti ọjọ́ náà, bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ló ń jókòó sí, kò sì dá orin mọ́ níbẹ̀. Ilé nìkan ló kù tó ti ń kọrin. Ó ń pariwo lé mi lórí láti ilé ìdáná, ó ń bú mi pé n kì í jẹun, ó ń kọrin bó bá ń fọṣọ. Etí mi ń dùn mí, inú mi sì ń dùn.

Èkúté, tó ń kó ibà Lásà ran èèyàn, ni ìṣòro wa. Èmi ni mò ń gbọ́ wọn. Òun ò gbọ́.

Lẹ́yìn àìsàn náà, mo kó gbogbo àgbàdo tí bàbá mi so rọ̀ sí àjà dànù. Mo ra ike onídèérí fún gaàrí àti ẹ̀gúsí, mo gbá ilé títí ìgbálẹ̀ fi di kùkùté. Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló ń sá láfún sẹ́bàá títì, tí wọ́n ń kó o wọlé bí ilẹ̀ bá ṣú, èkúté ò sì mọ ààlà. Bí mo bá jókòó tì oúnjẹ, mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń sáré lókè orí mi. Òkèlè á kọ́ mi lọ́fun. Mo fọwọ́ júwe fún ìyá mi pé kí a ra májèlé, ó sì lọgun pé, "Eku tó bá jẹ májèlé, ibi tí a ò rí ni yóò kú sí! Ta ló máa fọwọ́ gbé e? Ìwọ?" Òótọ́ ló sọ. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ tán pé bí ológìnní ò bá sí nílé, ilé di ilé èkúté. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ológbò.

Ẹnì kan ní ọ́fíìsì wa sọ fún mi pé olùkọ́ obìnrin kan ní Pólì Ọ̀wọ̀ ń padà sí Òṣogbo, kò sì rí ẹni tó máa gba ológbò rẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ gbéra, ìyá elépo, tó ń ta epo pupa ní ojúlé tó kàn wá, pè mí sẹ́yìn.

"Ọmọ mi, inú àpò ni kó o gbé e sí o," ó ní. "Di ẹnu rẹ̀ dáadáa. Ológbò tó bá rí ọ̀nà tó gbà wá, á gba ọ̀nà náà padà. Bó o bá délé, fi epo pa á lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kó tó lá epo yẹn tán, á ti gbàgbé ibi tó ti wá."

"Epo yín náà ni, àbí?"

"Ta lo tún mọ̀ tó ń ta èyí tó dáa?"

Mo ra epo. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Yàrá olùkọ́ náà dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá tó ń dá gbé ni, kò ní rédíò, tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ kò sì sọ̀rọ̀. Ológbò náà funfun, ó ní dúdú léjìká, etí rẹ̀ kan ya. Kò yọjú sí mi. Abẹ́ àga ló ti ń wò mí. "Àwọn kan ló ń jù ú lókùúta kó tó dé ọ̀dọ̀ mi," ni olùkọ́ náà sọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo sí i. Èèyàn kì í pariwo nílé mi. Tó bá ti gbọ́ ariwo, ẹ ò ní rí i mọ́." Ó ń sunkún. Mo ní kò séwu, mà. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé obìnrin tí ohùn rẹ̀ le jù lọ ní Ìfọ̀n ni mò ń gbé e lọ bá?

Nínú mọ́tò, ó ń ké nínú àpò bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Ó tọ̀ sí mi lẹ́sẹ̀. Obìnrin tó jókòó tì mí ní, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" ó sì fún ara rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tí a délé, mo ṣe bí ìyá elépo ṣe wí: mo di ẹranko náà mú, ìyá mi fi epo pa á lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ha mí lápá, ó já mọ́ mi lọ́wọ́, ó sá gba inú pálọ̀ kọjá, ó sì já wọ ibi tí ilẹ̀kùn yàrá bàbá mi kò ti pa dé. Ẹsẹ̀ pupa kéékèèké tò lọ lórí símẹ́ńtì títí dé abẹ́ ibùsùn bàbá mi.

Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò tíì wọ yàrá yẹn látìgbà tí wọ́n ti gbé wọn lọ. Aṣọ tí bàbá mi bọ́ kẹ́yìn la ti jó, ṣùgbọ́n fìlà rẹ̀ ṣì wà lára ìṣó. Mo ní kí n wọlé lọ mú ológbò náà. Ó tì mí sẹ́yìn, ó bu ẹja gbígbẹ lé àwo, ó wọlé, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"PÚSÌ!" ó pè é. "PÚSÌ, PẸ̀LẸ́ O! MÁ BẸ̀RÙ, ỌKỌ MI LÓ NI IBÍ!"

Ẹranko náà fò, ó forí sọ igi ibùsùn, ó sì lẹ̀ mọ́ kọ̀rọ̀. Ìyá mi rí i. Ó tún pè é, ó rò pé òun ti rẹ ohùn sílẹ̀. Etí ológbò náà lẹ̀ mọ́ orí. Ìyá mi wá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ọ̀fun ara rẹ̀, ó ń fọwọ́ wá ohùn rẹ̀ bí ẹni ń wá owó tó sọnù sínú aṣọ, ó sì gbìyànjú láti sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Irú ohùn tí àwọn ọlọ́jà fi ń pe ara wọn ni wúyẹ́wúyẹ́ rẹ̀. Ológbò náà tọ̀ sí ara.

Ìyá mi yíjú sí mi. "Ṣé ohùn mi ni?"

Mo mi orí pé rárá.

"Irọ́ lò ń pa," ó ní. Ó dìde, ó nu ìtọ̀ náà nílẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan mọ́. Mo rò pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn nìkan ni. Ìyá mi kì í fi nǹkan ṣe ààbọ̀, ó yẹ kí n ti mọ̀.

Ó dákẹ́ ni o. Bó bá fẹ́ omi, á na ife sí mi. Bó bá fẹ́ pè mí, á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, wẹ́rẹ́. Àdúrà àárọ̀ di ètè tó ń mì. Ojoojúmọ́ ló ń gbé àtẹ ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ sí yàrá bàbá mi, á kẹ́yìn sí ibùsùn, á máa bó ẹ̀gúsí láìwo ẹ̀yìn rárá. Ó fi ẹja sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé. Lákọ̀ọ́kọ́, bí a bá jáde ni ẹja náà máa ń tán. Nígbà tó yá, ológbò náà ń jẹ ẹ́ níbi tí mo ti ń yọjú wò ó láti ẹnu ọ̀nà, ìyá mi ò sì yí orí. Ó yá, ó jókòó sí etí ìró rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá ìyá mi tó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn bàbá mi, ológbò náà sì ká sí i láyà.

Ìyá mi rí mi, ó fìka pè mí. Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé ẹ̀yìn ẹranko náà. Ológbò náà ń kùn. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ wa. Ìyá mi ń wò mí lójú, omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó tọ́ka sí àyà ara rẹ̀, ó tún tọ́ka sí etí rẹ̀. Ó yé mi. Ó ń gbọ́ ọ. Nínú gbogbo ohun tó ń dún láyé yìí, èyí nìkan ló ń gbọ́, àyà rẹ̀ ló sì fi ń gbọ́ ọ.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ó dùn díẹ̀. Èkúté dá ẹsẹ̀ dúró lókè àjà, mo ń jẹun, òkèlè ń lọ. Ṣùgbọ́n ilé wa dákẹ́ bíi wọ́ọ̀dù tí mo ti bá a lọ́jọ́ tí wọ́n jẹ́ ká wò ó láti ojú fèrèsé. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè máa pòùngbẹ èébú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni pé n kò rí ife tó ń nà sí mi, kí ó lè bínú kó sì pariwo. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó lọ bu omi fúnra rẹ̀. Mo fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná kó jóná. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó gbọn orí, ó fọ ìkòkò. Mo wá ń jowú ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, èmi ọmọ tó bí!

Àwọn ará ìta náà ò sinmi. Wọ́n ní obìnrin tí ọkọ kú tí òun yè, tí kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ mọ́, ológbò ló ń bá sọ ọ́ nínú yàrá ọkọ. Ẹnì kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ládùúgbò wa ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," ó sì rò pé n kò gbọ́. Mo dúró sí iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo ní kó parí òwe rẹ̀ kí n gbọ́. Kò lè parí rẹ̀. Ìyá elépo nìkan ló ń wọlé tọ̀ wá wá, ó sì ń mu omi wa.

Ọyẹ́ ti dé lọ́jọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Ìyá mi jókòó sí ẹ̀yìn ilé nínú oòrùn àárọ̀, ó na ẹsẹ̀, àtẹ ẹ̀gúsí wà lórí itan rẹ̀. Mò ń sá aṣọ. Ológbò náà gba abẹ́ ilé ìdáná yọ, ó ń bọ̀ tayọ̀tayọ̀, ìrù rẹ̀ gún sókè. Ó gbé nǹkan sẹ́nu. Mo rí ohun tó gbé kí ìyá mi tó rí i, mo la ẹnu láti kígbe, mo wá rántí pé igbe mi ò já mọ́ nǹkan kan. Ológbò náà gun ẹsẹ̀ ìyá mi, ó sì rọra gbé eku náà lé e nítan, sórí ẹ̀gúsí tó ti bó. Eku náà kò tíì kú tán. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ta sí ìró ìyá mi.

Háà, igbe tí obìnrin yẹn ké! Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, mi ò sì fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ mọ́. Gbogbo dídákẹ́ oṣù wọ̀nyẹn jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àtẹ fò, ẹ̀gúsí fọ́n ká, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá itan ara rẹ̀, ó ń pe orúkọ bàbá mi. Ológbò náà dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń wò ó. Ẹ̀bùn ló mú wá, kò mọ ohun tó ṣe. Lẹ́yìn náà ló fò kọjá ògiri, ó lọ.

Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo da oògùn ìfọlẹ̀ lu gbogbo ibẹ̀, mo jó ìró náà, mo sin eku náà jìn. Mo wẹ ìyá mi bí ọmọ tuntun. A lọ sí Ọ̀wọ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kí a máa ṣọ́ ara rẹ̀. Ṣíṣọ́ ni mò ń ṣọ́ ọ o! Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, ọwọ́ mi wà lọ́rùn rẹ̀, kí n mọ̀ bóyá ara rẹ̀ ń gbóná. Bó bá húkọ́, màá dìde lọ wò ó. Mo gbààwẹ̀, èmi tí kì í gbààwẹ̀. Ibà náà kò wá. Nígbà tí wọ́n ní ewu ti kọjá, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a dé láti ilé ìwòsàn, ìyá mi gbé àwo ẹja, ó lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó dúró sẹ́bàá ògiri.

"PÚSÌ!" ó pè. "PÚSÌ O! MÁA BỌ̀ WÁLÉ! MI Ò BÍNÚ MỌ́!"

Mo fi ohun tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ tún kún inú ilé. Àwọn ewúrẹ́ ìyá elépo sá. Ó pè é títí ilẹ̀ fi ṣú, ó sì wọlé wá bá mi ní ilé ìdáná. "ÌWỌ!" ó ní. "O Ò TÍÌ JẸUN! WO ỌRÙN RẸ BÍ TI ADÌẸ!" Mo jẹ ẹ̀bà méjì lálẹ́ yẹn.

Láti ìgbà náà, kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí kì í pè é. Ológbò náà kò sì jìnnà. Ilé kan tí wọn ò tíì parí wà lẹ́yìn ògiri wa, ibẹ̀ ló wà. Mo máa ń rí i láti fèrèsé yàrá mi. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, tí ibi gbogbo ti rọ̀, á yọ orí láàárín búlọ́ọ̀kù, á rọra máa bọ̀ sọ́nà ilé. Á dé ìdí ògiri. Ìgbà yẹn gan-an ni ìyá mi máa ń gbé àwo jáde tí á ní, "PÚSÌ!" Etí rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ orí, á sì padà sáré wọ inú búlọ́ọ̀kù. Ìyá mi kì í rí i. Ojú rẹ̀ ò ríran jìnnà bẹ́ẹ̀ nínú ìrọ̀lẹ́.

"ṢÉ O RÍ I?" á bi mí.

Mo máa ń mi orí pé rárá.

Ìyá elépo pè mí sí kọ̀rọ̀ ní ọjọ́ kan. "Ọmọ mi, sọ fún ìyá rẹ kó pa ẹnu mọ́ fún ọjọ́ mélòó kan," ó ní. "Ohùn rẹ̀ ló ń lé e. Bó bá dákẹ́, fúnra rẹ̀ ni á bá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wálé." Mo ní ẹ ṣé, màmá, màá sọ fún un.

Mi ò sọ fún un. Bí mo bá sọ ọ́, á dákẹ́ lónìí yìí, á sì dákẹ́ títí ayé. Mo mọ obìnrin tó bí mi.

Èkúté ti padà sí àjà. Mò ń gbọ́ wọn bí mo bá ń jẹun, mo tún ti ra ike onídèérí sí i. Nígbà mìíràn mo máa ń rí ìyá mi tó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn bàbá mi ní ọ̀sán, tó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àyà ara rẹ̀, ibi tí ológbò náà máa ń ká sí, bí ẹni tó ń tẹ́tí. Ojú á tì mí, màá sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Láàárọ̀, bí mo bá ń lọ sí ọ́fíìsì, mo máa ń gba ẹ̀yìn ògiri. Mo máa ń gbé ẹja díẹ̀ sáàárín búlọ́ọ̀kù ilé tí wọn ò tíì parí náà, kí ebi má bàa lé e lọ jìnnà. Ó ti mọ̀ mí. N kì í pariwo sí i, nítorí náà kì í sá fún mi. Á fi ẹ̀gbẹ́ nu ẹsẹ̀ mi, á máa kùn. Mo lè gbé e. Àpò wà nínú báàgì mi. Màá jẹ́ kó jẹun tán, màá gbọn ọwọ́ mi, màá sì máa lọ síbi iṣẹ́, kí ìyá mi lè rí nǹkan pè nírọ̀lẹ́.